Iyọ̀ Inú Omi Ọkọ̀ Ìwòsàn

Títí di òní, inú máa ń bí mi bí mo bá rí ẹnì kan tó gbé ife omi sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó wò ó tán, tó ní, “Omi yìí dára, ó mọ́ gaara.” Kì í ṣe onítọ̀hún ni mò ń bínú sí. Ọkùnrin kan tó ń gbé Bódìjà láyé ìgbà kan ni mò ń bínú sí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti sin ín. Wọ́n ní kí n gbàgbé. Mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Ní àwọn ọdún 1980, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ni, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀ tí a ti ń yẹ omi wò fún àwọn tó ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Yàrá kan ni mo gbà sí Agbówó. Mo ní bàtà dúdú kan tó ní gìgísẹ̀, òun ni mo máa ń wọ̀ bí mo bá fẹ́ lọ bá àwọn ènìyàn pàtàkì sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọn yóò ti mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bọ̀. Mo tún gbà gbọ́ pé bí ènìyàn bá ti lè fi òótọ́ han àwọn àgbà ní gbangba, wọn yóò gbà á láìjanpata. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ wà lẹ́bàá Ring Road. Ìjọ náà pọ̀, ó sì lówó lọ́wọ́. Àwọn kan lára àwọn àgbà ìjọ ti rìnrìn àjò lọ sí àwọn abúlé apẹja tó wà létí òkun níhà Ìlàjẹ, wọ́n sì padà wá sọ bí àwọn obìnrin ṣe ń kú sórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé kò sí ilé ìwòsàn tí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lè gbé wọn dé kí ó tó pẹ́ jù. Ni ìjọ bá pinnu láti kan ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí yóò jẹ́ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, tí ó ní ibùsùn, tí ó ní yàrá ìgbẹ̀bí, tí yóò máa lọ láti abúlé kan sí òmíràn. Inú gbogbo wa dùn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan ní Òkè Àdó, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lè di olórí àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Ìyá wa sunkún. Àwọn ẹbí ní orí rẹ̀ ti dà rú. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ń di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ní kí n wá bá wọn yan ẹ̀rọ omi tí yóò wà nínú ọkọ̀. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ wo àwọn abúlé náà, tí wọ́n wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Òjò ṣì ń rọ̀, omi ọ̀sà náà dà bí omi odò lásán, ó pọ́n díẹ̀, kò níyọ̀ kankan lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ fún wa pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí omi òkè kò wá mọ́, òkun a máa wọlé sínú ọ̀sà, gbogbo omi a sì di oníyọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo padà lọ, mo bu omi wá sí Dùgbẹ̀. Mo kán oògùn kan sí i, èyí tó máa ń fi iyọ̀ hàn nínú omi. Omi náà funfun báláú bí omi ògì.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló lè yọ iyọ̀ kúrò nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan máa ń se omi títí tí yóò fi di oru, oru náà a tutù, a sì padà di omi tí kò níyọ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń lò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa yóò máa dúró sójú kan fún ọjọ́ pípẹ́ ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì wà ní pípa. Èkejì máa ń fi agbára ti omi gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ihò ara rẹ̀ kéré débi pé omi lè kọjá ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè kọjá. Jẹnẹrétọ̀ tó wà fún iná yàrá ìgbẹ̀bí lè gbé e. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ máa ń dí i pa. Mo wá dá a lábàá pé èkejì yìí ni kí a rà, kí a fi asẹ́ oníyanrìn àti èédú síwájú rẹ̀ láti gba ẹrẹ̀, kí a sì ra awọ mìíràn pa mọ́. Mo rò ó sókè, mo rò ó sódò, mi ò rí ibi tí ó kù sí.

Alága ìgbìmọ̀ wa ni ọkùnrin Bódìjà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọngílá ni, ó ti kọ́ ọ̀nà, ó ti kọ́ ilé ìwé, kò sì sí ẹni tó ń já a lóhùn nínú ìjọ. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, tó ń ta asẹ́ omi. Asẹ́ náà dára lójú lóòótọ́. Ó ń dán bíi dígí, ó sì ní gílóòbù kan nínú tó ń tan iná búlúù tí ń pa kòkòrò àìsàn. Fún omi kànga tàbí omi odò, n kò ní sọ nǹkan kan lòdì sí i. Ṣùgbọ́n asẹ́ ni, kò lè yọ iyọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ pàdé, mo wọ bàtà gìgísẹ̀ mi lọ. Ọ̀rẹ́ Alága ti gbé asẹ́ kékeré kan síwájú wọn lórí tábìlì. Mo sọ tèmi tán, Alága fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin.

“Èmi fúnra mi ti dé ibẹ̀,” ló wí. “Mo fi ọwọ́ ara mi bu omi náà mu. Iyọ̀ wo?”

“Ìgbà wo lẹ lọ, sà?”

“Oṣù kẹsàn-án.”

“Àárín òjò nìyẹn, sà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi yẹn kò ní ṣeé mu.”

“Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní ohun tí mo fi ẹnu mi tọ́ wò?”

Mo ti múra sílẹ̀ de ìyẹn. Mo bu iyọ̀ sínú jọ́ọ̀gì omi kan, mo rò ó pọ̀, mo sì dà á sínú asẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Omi jáde ní mímọ́ gaara. Mo gbé e fún akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó yọ ètè.

“Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀ o,” ló wí.

Ọ̀rẹ́ Alága kò tilẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. “Àpẹẹrẹ lásán ni mo gbé wá. Èyí tó máa wọnú ọkọ̀ tóbi ju èyí lọ dáadáa.”

“Kódà bó tóbi tó gbọ̀ngàn yìí, sà, kò ní yọ iyọ̀,” ni mo dáhùn.

Alága bú sẹ́rìn-ín. “Ìwé ti pọ̀ lórí ọmọbìnrin yìí jù. Ọkọ ló kù kó lọ wá.”

Gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín, títí kan akọ̀wé tí iyọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin wa, ni mo rò pé ì bá gbèjà mi, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà. Wọ́n dìbò, wọ́n mú asẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí mo yàn, òkè òkun ló ti máa wá, wàhálà àtikó ọjà wọlé sì pọ̀ lóde. Mo gbà pé bóyá ìyẹn jẹ́ òótọ́. Àfi ìgbà tí mo lọ wo ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n ti ń parí rẹ̀, tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ara yàrá kan, tí wọ́n kọ “YÀRÁ ALÁGA” sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Páálí tí ẹ̀rọ náà ti jáde wà nílẹ̀ níbẹ̀. Òkè òkun ló ti wá. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ “OMI MÍMU” sókè ẹnu ẹ̀rọ.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó má lọ mọ́.

“Bí mi ò bá lọ, ta ló máa gbẹ̀bí wọn?” ló bi mí. Ó ní kí n fún òun ní oògùn tí mo fi ń yẹ omi wò, kí n sì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo kọ́ ọ. Ó gbà á lọ.

Òjò ọdún náà lọ dáadáa. Ìròyìn tó ń dé Ìbàdàn dùn mọ́ni: àwọn ọmọ ń délé ayé láyọ̀, àwọn ìyá ń padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tún ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó mọ́ fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe. Ẹ̀kọ́ yẹn ló gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là ní àkókò yẹn káàkiri orílẹ̀-èdè. Nínú ìjọ, Alága kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí ó bá rí mi, a ní, “Omidan oníyọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Àwọn ọ̀dọ́ akọrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà mi ní Agbówó. Ìwó Road ló ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ètè rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan dání. Kò jókòó. Ìdúró ló ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Nígbà tí òkun wọnú ọ̀sà, ó kán oògùn mi sínú omi ọkọ̀, omi náà funfun. Ó sọ fún ọ̀gá atukọ̀. Ọ̀gá atukọ̀ ní òun kò láṣẹ láti ti ohun tí Alága ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi bá fi aṣọ di ẹnu ẹ̀rọ náà pinpin, ó kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún, ó sì ń rán ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lọ bu omi wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ kan, wọ́n wá pè é lọ sí abúlé kejì, obìnrin kan ń rọbí, ó sì ń le. Ó lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni Alága kó àwọn àlejò wá láti Ìbàdàn, pẹ̀lú ayàwòrán, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rí aṣọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

“Kí ni àkísà yìí ń ṣe níbí?” ló wí. “Ẹ tú u kúrò.”

Ọ̀gá atukọ̀ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ló so ó, pé omi ti níyọ̀. Alága ní kí wọ́n tú u, kí ayàwòrán lè ríbi ya. Wọ́n tú u. Wọ́n ṣí omi, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń dà. Òun àti àwọn àlejò rẹ̀ kò mu ún o. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, inú yàrá amúlétutù ni wọ́n sì ti mu ún. Wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó so aṣọ náà padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe é, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Ìyá náà kò rí nọ́ọ̀sì, ìkìlọ̀ rẹ̀ kò sì tíì dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀kọ́. Ó rí ibi tí wọ́n kọ “OMI MÍMU” sí, ó bu omi, ó wọn iyọ̀, ó wọn ṣúgà, ó ń fún ọmọ rẹ̀ mu. Bí ó bá tọ́ ọ wò, iyọ̀ tí òun wọ̀n sí i ni yóò rò pé ó wà lẹ́nu òun. Òùngbẹ túbọ̀ ń gbẹ ọmọ náà, ó sì túbọ̀ ń fún un, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi padà dé, gìrì ti mú ọmọ náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kú sí.

A kò dúró jẹun. A wọ takisí lọ sí Bódìjà. Alága wà ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ìyàwó rẹ̀ gbé gíláàsì àti omi tútù wá fún wa bó ṣe yẹ kí a ṣàlejò. Mo da omi tútù náà padà sínú jọ́ọ̀gì, mo bu omi inú kẹ́ẹ̀gì sínú gíláàsì, mo gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ mu ún, sà.”

“Mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀,” ló wí, kò wo gíláàsì. “Ìyá ọmọ yẹn ló bu iyọ̀ jù. Ará oko ni wọ́n, wọn ò mọ ìwọ̀n. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá atukọ̀, kó jẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. “Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ti wọ̀n ọ́n níṣojú mi lọ́pọ̀ ìgbà, kò ṣì í rí. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tú aṣọ mi.”

“Ẹ jáde nílé mi.”

Mo pariwo. Gbogbo ohun tí ẹnu mi lè sọ ni mo sọ, mo sọ èyí tí kò yẹ kí ọmọdé sọ sí àgbà. Àfìgbà tí mo rí i pé ìyàwó rẹ̀ ti gbé gíláàsì náà, tó ti tọ́ ọ wò. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

“Bàbá, omi òkun nìyí,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó yíjú sí wa. “Ẹ gbé e lọ bá Ìyá Ìjọ. Ara wọn ti yá.”

Ìyá Ìjọ kò bá wa wí, kò sì ní kí a ní sùúrù. Ó pe ìgbìmọ̀ jọ, ó bu omi kẹ́ẹ̀gì náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì dúró lé wọn lórí títí wọ́n fi mu ún. Wọ́n gbà láti tú ẹ̀rọ amúlétutù tà, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ tí mo yàn. Mo wá ní ohun kan ṣì kù: kí ẹnì kan lọ sọ fún ìyá ọmọ náà pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

“Ẹ jẹ́ ká má tú àṣírí ìjọ síta,” ni akọ̀wé wí.

Ìyá Ìjọ pàápàá wolẹ̀. Mo rí i. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Ẹ̀rọ náà dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀? Alága ni. Ó gbàdúrà gígùn lórí rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi omi tó mọ́ sí òun lọ́kàn. Ìjọ ṣe àmín. Èmi kò ṣe é, n kò sì tún jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà lọ, torí pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Nígbà tí omi àkọ́kọ́ jáde, tí mo kán oògùn sí i, tí kò funfun, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sílé ìyá ọmọ tó kú náà. Ilé orí òpó ni, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń dáná. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi lọ́nà pé láti ìgbà tí ọmọ ti kú, ìyá ọkọ náà kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìkòkò mọ́, pé àwọn aládùúgbò ń pè é ní ẹni tó fi iyọ̀ pa ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá wọn sọ ọ́ títí, wọ́n ní ó ń gbèjà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọmọ náà. Mo ní èmi ni mo mọ̀ nípa omi, pé Ìbàdàn ni mo ti wá. Mo ní bó ṣe wọn iyọ̀ náà pé, kò lé, kò dín. Omi ló ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ni ọkọ̀ sì ti mọ̀ kí ó tó bù ú.

“Ẹ tún un sọ,” ló wí. “Ẹ sọ ọ́ sókè, kí ìyá ọkọ mi gbọ́.”

Mo tún un sọ. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún àwọn náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó bo ojú.

Ìyá náà kò sunkún. Ó ní, “Ta ló ní kí wọ́n tú aṣọ náà?”

“Alága wa.”

“Ṣé ó mọ orúkọ ọmọ mi?”

Mo ní rárá. Ó wá sọ orúkọ náà fún mi, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sọ ẹni tó fún un lórúkọ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn títí ọkọ̀ fi gbó. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń gbé Òkè Àdó, kì í sì í sọ̀rọ̀ náà. Òun ló dárí jì wọ́n. Ó ní ìbínú yóò ba ọkàn mi jẹ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn bí mo bá gba Ring Road kọjá, mo máa ń rí gbọ̀ngàn tuntun tí ìjọ náà kọ́, tí wọ́n fi orúkọ Alága pè, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ògiri. Mo máa ń gbé ojú kúrò. Orúkọ ọmọ yẹn kò sí lára ògiri kankan. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n. N kò kọ ọ́ síbí, torí kì í ṣe tèmi láti pín kiri. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé, mo máa ń pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun.